Nicodemus: Ìlú Àgbẹ̀ Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Yà Sílẹ̀



Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti kòkòrò la sábà máa ń gbé wá síbí. Tòní yàtọ̀ díẹ̀, ìtàn la fẹ́ sọ. Ìlú kékeré kan wà ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Kansas, Nicodemus ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka èèyàn ní ọdún 2020, èèyàn 14 ni wọ́n bá níbẹ̀. Mẹ́rìnlá péré o! Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ní gáréèjì kan láàárọ̀ ọjọ́ ọjà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìlú yìí kan náà ti ní báńkì rí. Ó ti ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù lóríṣiríṣi, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìròyìn tiẹ̀. Àgbẹ̀ ló dá a sílẹ̀, àwọn èèyàn dúdú tí wọn ò tíì ju ọdún 12 lọ tí wọ́n kúrò lóko ẹrú. Kí ló wá dé tí ilé fi tú? Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, torí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ń ra ilẹ̀ oko, gbogbo ẹni tó ń retí kí ìjọba la ọ̀nà, àti gbogbo ẹni tó ń wá ibi tó máa ta ọjà rẹ̀ sí.

BÍ ILẸ̀ IBẸ̀ ṢE RÍ

Kansas wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Apá ìlà oòrùn rẹ̀ máa ń rí òjò dáadáa, igi sì wà níbẹ̀. Àmọ́ béèyàn bá ṣe ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn ni òjò ń dín kù, tí igi ń tán, títí tó fi máa ku pápá koríko nìkan. Apá ìwọ̀ oòrùn yẹn, lókè lọ́hùn-ún níhà àríwá, ni Nicodemus wà, ní Graham County, nítòsí odò kan tó ń jẹ́ South Solomon. Lónìí, ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní US 24 ló gba ibẹ̀ kọjá.

Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì èyí tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ. Ní oṣù January, ilẹ̀ á dì gbagidi, yìnyín á bo gbogbo pápá. Tó bá di July, ooru á mú débi pé ó lè kọjá ìwọ̀n 38. Atẹ́gùn kì í sinmi, torí kò sí igi tàbí òkè tó máa dá a dúró.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ náà ò dáa o. Ilẹ̀ olọ́ràá ni. Bí òjò bá rọ̀ lásìkò, àlìkámà àti ọkà bàbà á ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òjò lè rọ̀ bó ṣe yẹ fún ọdún mẹ́ta, kó wá dá fún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi ọdún tó dáa ṣe ìṣirò, ọdún tí kò dáa ló máa bá a lórí gbèsè.

ÀWỌN TÓ LỌ SÍBẸ̀

Ọdún 1865 ni wọ́n fòpin sí òwò ẹrú jákèjádò Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, tí ò ní ilẹ̀, kí ló fẹ́ jẹ? Ọ̀pọ̀ wọn ló padà sóko ọ̀gá àtijọ́, tí wọ́n ń dá oko onílẹ̀ kí wọ́n lè pín irè níkẹyìn ọdún. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbèsè ló máa ń kù sí wọn lọ́rùn. Nígbà tó di 1877, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ọmọ ogun tó ń dáàbò bò wọ́n ní gúúsù kúrò, ìyà wá ń pọ̀ sí i.

Kansas ní orúkọ rere létí wọn. Ìpínlẹ̀ tí kò gba ẹrú láàyè ni nígbà tó wọ ìjọba àpapọ̀ ní 1861. Òfin kan sì tún wà láti ọdún 1862 tí wọ́n ń pè ní Homestead Act. Ohun tí òfin náà sọ ni pé ẹni tó bá san owó ìwé tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 18, tó kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ìjọba, tó gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún tó sì dáko níbẹ̀, éékà 160 á di tiẹ̀. Ẹ wo ohun tí éékà 160 máa jẹ́ lójú ẹni tí wọ́n ti tà lọ́jà rí!

Ní oṣù April 1877, òyìnbó kan tó ń ṣòwò ilẹ̀, W. R. Hill, àti àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́fà para pọ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti tẹ ìlú tuntun dó. W. H. Smith ni ààrẹ, Pásítọ̀ Simon Roundtree ni akọ̀wé. Orúkọ tí wọ́n fún ìlú náà wá láti inú ìtàn ẹrú kan tí wọ́n ní ó fowó ra ara rẹ̀ padà. Wọ́n tẹ ìwé ìpolówó, wọ́n pín in káàkiri Kentucky. Ilẹ̀ tó dáa wà, omi wà, ẹran ìgbẹ́ wà, ẹ máa bọ̀! Dọ́là 5 ni ẹni tó bá fẹ́ pulọ́ọ̀tì nínú ìlú máa san.

Ṣé ẹ rí i, irú ìpolówó yìí ò ṣàjèjì sí wa.

ÌRÒYÌN Ò TÓ ÀFOJÚBÀ

Ní oṣù September 1877, nǹkan bí 300 èèyàn gbéra láti Kentucky. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé ìlú kan tó ń jẹ́ Ellis. Ibẹ̀ ni irin parí sí fún wọn. Nǹkan bíi kìlómítà 55 ló kù sí Nicodemus, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi rìn ín, àwọn ọmọdé pẹ̀lú ẹrù wọn.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n ń wá ìlú, wọn ò rí i. Èéfín ni wọ́n rí tó ń jáde látinú ilẹ̀. Kò sí pákó tí wọ́n lè fi kọ́lé, torí náà ńṣe làwọn tó ṣáájú wọn gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, wọ́n fi igi wẹ́wẹ́ àti koríko ṣe òrùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé bí ẹran òkété. Àwọn obìnrin kan bú sẹ́kún. Ìtàn sọ pé inú bí àwọn mìíràn débi pé wọ́n fẹ́ so Hill kọ́, ló bá sá pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé, wọ́n ní ó tó 60, ló yí padà láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n débẹ̀.

Àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n dúró, torí wọ́n ti ná owó ọkọ̀ tán, àti torí pé ilẹ̀ ni wọ́n wá wá. Obìnrin kan wà láàárín wọn, Emma Williams, tó lóyún rìn débẹ̀. Inú ihò ilẹ̀ yẹn ló bímọ sí ní oṣù October. Henry ni ọmọ náà, òun sì ni ọmọ àkọ́bí ìlú Nicodemus.

Òtútù ọdún náà kì í ṣe kékeré. Igi ìdáná ò sí, ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ àti pòròpórò òdòdó oòrùn ni wọ́n ń dá. Oúnjẹ ń tán lọ. Ìtàn táwọn ọmọ ìlú náà ṣì ń sọ títí dòní ni pé àwọn ará Osage, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ti oko ọdẹ bọ̀, ló fún wọn lẹ́ran jẹ. Wọ́n tún ń ṣa egungun ẹfọ̀n kiri inú pápá, wọ́n ń tà á, torí àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ máa ń ra egungun. Àwọn ọkùnrin kan lọ ṣiṣẹ́ lẹ́bùúrú ìlú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé.

Nígbà tí ìgbà òjò 1878 dé, iṣẹ́ oko bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin wọn ò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò koríko ti wé mọ́ra wọn nínú ilẹ̀ láti àìmọye ọdún wá, ilẹ̀ náà le bí awọ màlúù. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni ọ̀pọ̀ wọn fi tú u. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọwọ́ ṣí igbó rí, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ọdún yẹn kan náà ni nǹkan bí 150 èèyàn mìíràn tún dé láti Kentucky.

ÌLÚ Ń DÀGBÀ

Díẹ̀díẹ̀, ìlú dìde. Wọ́n kúrò nínú ihò, wọ́n fi bùlọ́ọ̀kù koríko kọ́lé, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fi òkúta funfun ibẹ̀ kọ́lé. Zachary Fletcher ni wọ́n fi jẹ olórí ilé ìfìwéránṣẹ́, òun náà ló tún ṣí òtẹ́ẹ̀lì. Ìyàwó rẹ̀, Jenny Smith Fletcher, ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá síbẹ̀ ní 1878, Edwin McCabe, bẹ̀rẹ̀ nípa bíbá àwọn èèyàn ṣètò ìwé ilẹ̀. Nígbà tó di 1882, wọ́n dìbò yàn án sípò ayẹ̀wé-owó-wò fún gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas. Èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó máa dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà nìyẹn.

Láàárín àwọn ọdún 1880, àwọn tó ń gbé ìlú àti oko àyíká rẹ̀ sún mọ́ 500. Ìwé ìròyìn méjì ló jáde níbẹ̀, Western Cyclone ní 1886 àti Nicodemus Enterprise ní 1887. Òyìnbó pàápàá wá ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Ohun kan ló kù. Bí àgbẹ̀ bá kórè àlìkámà rẹ̀, ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà gbé e dé ọjà? Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni, ọjọ́ méjì sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìṣirò yìí jù wá lọ. Ọjà tí owó ọkọ̀ bá ti jẹ ìdajì rẹ̀, ta ló kù tó máa jèrè?

ỌKỌ̀ OJÚ IRIN TÍ KÒ DÉ

Torí náà, gbogbo ìlú gbé ojú lé ọkọ̀ ojú irin. Ilé iṣẹ́ bí i mẹ́ta ni wọ́n ń gbọ́ pé wọ́n lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Ní oṣù March 1887, wọ́n dìbò pé kí wọ́n fi ìwé ẹ̀yáwó kó dọ́là 16,000 jọ fún ilé iṣẹ́ Missouri Pacific, kí wọ́n lè gbé irin wá. Dọ́là 16,000 láyé ìgbà yẹn, láàárín àgbẹ̀ tí ò tíì tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n jáde látinú ihò! Ìwé ìròyìn ń kọrin ọlá. Àwọn èèyàn ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun, iye owó pulọ́ọ̀tì ń gòkè.

Ọkọ̀ náà ò wá. Nígbà tó di 1888, Union Pacific ló ṣe irin gba àgbègbè náà, ṣùgbọ́n òdìkejì odò, ní gúúsù, ni wọ́n gbé e gbà, nǹkan bíi máìlì mẹ́fà sí Nicodemus. Ibùdó tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀ di ìlú Bogue.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Máìlì mẹ́fà péré ni, kò tó kìlómítà 10. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ò dúró rárá. Àwọn kan wú ṣọ́ọ̀bù onípákó wọn kúrò nílẹ̀, wọ́n fà á gba orí pápá kọjá odò lọ sí Bogue. Ìwé ìròyìn kógbá wọlé. Bí ọjà ṣe kúrò, bẹ́ẹ̀ ni báńkì kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó kù ni àgbẹ̀, torí èèyàn ò lè fa ilẹ̀ kọjá odò.

Ṣé ọkọ̀ ojú irin nìkan ló wá pa ìlú náà? Rárá o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ìtàn yìí sí nìyẹn, a ò sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bogue tó rí ọkọ̀ gbà, ẹ lọ wò ó lónìí, àwọn èèyàn ibẹ̀ kò tó 200. Ohun méjì mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀.

Àkọ́kọ́, òfin éékà 160 yẹn, bí òjò ṣe ń rọ̀ ní ìlà oòrùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Níbi tí òjò ti pọ̀, éékà 160 lè bọ́ ìdílé kan kó sì ṣẹ́ kù. Níbi tí òjò ti ń dá, ọdún kan ni ilẹ̀ á mú èso wá, ọdún kejì á jẹ gbogbo èrè rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1930, ọ̀dá ńlá dé, atẹ́gùn wá ń gbé ilẹ̀ tí wọ́n ti tú, eruku ń ṣú bí òjò. Owó irè oko ti já wálẹ̀ lásìkò kan náà. Nígbà tó di 1935, èèyàn 76 ló kù ní Nicodemus.

Èkejì, katakata àti ẹ̀rọ ìkórè dé. Iṣẹ́ tí ìdílé mẹ́wàá ń ṣe, èèyàn méjì ń ṣe é tán. Àgbẹ̀ tó fẹ́ jèrè lápá ìwọ̀ oòrùn Kansas lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà ló ń wá. Bí oko ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń dín kù. Ní 1950, èèyàn 16 ni wọ́n kà. Wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ní 1953. Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ ní 1960.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÀWA MÚ NÍBẸ̀

Ìdí tá a fi gbé ìtàn yìí wá nìyí. A kó o sí mẹ́rin.

1. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ má sanwó ilẹ̀ oko lórí ìwé ìpolówó tàbí fídíò. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tún lọ nígbà òjò. Ẹ bi àgbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ léèrè: ṣé odò yìí máa ń gbẹ? Mélòó ni owó ọkọ̀ dé ọjà?

2. Ẹ fi òjò wọn ilẹ̀. Éékà márùn-ún tó ní omi lè sàn ju ogún tí kò ní lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣirò èrè, ọdún tí òjò dá ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ọdún tó dáa.

3. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà tí wọ́n ṣèlérí kì í ṣe ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà tuntun ń bọ̀ tàbí ilé iṣẹ́ ńlá kan ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká rí i kó tó di pé a yáwó lé e. Àwọn ará Nicodemus ò ya ọ̀lẹ, wọn ò sì ya òmùgọ̀. Ìlérí kan ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù lé, ìpinnu rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé àárín wọn.

4. Ẹ tọ́jú ìwé ilẹ̀ yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ibi tó wà. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Ìdí rẹ̀ la fẹ́ sọ yìí.

ÀWỌN TÍ WỌN Ò KÀ

Ìkànìyàn ní 14 ni. Kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí àwọn ará Nicodemus ń kúrò lọ sí Denver, Topeka àti California, kì í ṣe gbogbo wọn ló ta ilẹ̀. Àwọn kan fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, àwọn mìíràn háyà rẹ̀ fún àgbẹ̀ tó kù, ìwé ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé. Veryl Switzer, tí ẹgbẹ́ Green Bay Packers mú ní 1954 láti máa gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ọmọ ibẹ̀ ni. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, kò jẹ́ kí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ní 1996, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ìlú náà di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè. Ilé márùn-ún ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀: òtẹ́ẹ̀lì Fletcher, ṣọ́ọ̀ṣì méjì, ilé ẹ̀kọ́ àti gbọ̀ngàn ìlú. Nínú gbogbo ìlú tí àwọn èèyàn dúdú tẹ̀ dó sí ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun abẹ́lé, òun ló pẹ́ jù lọ tí èèyàn ṣì ń gbé.

Lọ́dọọdún, ní ìparí oṣù July, àwọn ọmọ Nicodemus máa ń wálé. Ọdún òmìnira ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n á jó, wọ́n á jẹun, àwọn àgbà á mú àwọn ọmọdé rìn dé ibi tí ihò àkọ́kọ́ wà. Àwọn kan á nawọ́ sí pápá àlìkámà, wọ́n á ní, “Láti ibí yẹn dé ibí yìí, tiwa ni.”

Tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdé, ọkọ̀ á gbéra, ìlú á tún padà sí 14. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò lọ síbì kan.

Kí òjò rọ̀ lásìkò, kí ọjà tà, kí ilẹ̀ bàbá wa má bọ́ lọ́wọ́ wa.